Èyí Tó Wà Lábẹ́

Ní Oko-Bàbá, omi ló ń gbé igi wá bá wa.
Láti ìsàlẹ̀ odò Ìlàjẹ ni wọ́n ti ń so gẹdú mọ́ gẹdú,
ọjọ́ mélòó kan lórí ọ̀sà
títí wọn ó fi gúnlẹ̀ lẹ́bàá Afárá Kẹta,
níbi tí eruku pákó ti ń bọ́ sínú ọbẹ̀ ẹni.
Iṣẹ́ tiwa ò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: yí i.
Yí i kúrò nínú ẹrẹ̀.
Yí i gun òkè.
Yí i dé ẹnu ayùn, kí o lọ yí òmíràn.

Owó ojúmọ́ ni. Bàtà ò sí nínú rẹ̀.
Sílípáàsì ni mo wọ̀;
Orímisan wọ ẹsẹ̀ tí ìyá rẹ̀ bí mọ́ ọn.

Òjò ti rọ̀ lóru. Àárọ̀ Ọjọ́rú ni.
Òpèpè kan wà nílẹ̀, ó fẹ̀ ju tábìlì lọ,
wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí ìdí: mọ́kànlélógójì.
Ẹni mẹ́rin ló ń tì í, èmi ni ìkarùn-ún.
Èmi ni mo di ìdènà mú,
pákó ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí à ń kì bọ abẹ́ igi
kó má baà rántí ibi tó ti wá.

Fóònù mi dún.
Ilé-iṣẹ́ káàdì ni: mo jẹ wọ́n ní igba náírà.

Wọ́n ní igi tí yóò gún ni lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.
Èyí ò ti òkèèrè wá.
Ìṣísẹ̀ méjì péré ni. Kò pariwo.
Ó kàn dúró díẹ̀, bí àgbàlagbà tó gbàgbé nǹkan sílé,
ó yí padà.
Àwọn yòókù fò. Orímisan náà ìbá fò,
ẹrẹ̀ ló dì í lẹ́sẹ̀ mú.

"Bí igi bá wó lu igi, tòkè là á kọ́ gbé":
mo gbọ́ tí Ọ̀gá Ṣótúndé ń pa á lówe níbẹ̀,
bóyá kí ọkàn tirẹ̀ lè balẹ̀.
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ò pa ti ẹni tó wà lábẹ́.
Ẹni tó wà lábẹ́ ń ka nọ́ńbà ìdí igi sókè,
mọ́kànlélógójì, mọ́kànlélógójì,
bí ọmọ iléèwé tó ń bẹ̀rù ẹgba.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá la fi gbé e dé Igbobì.
Wọ́n gé e ní orókún.
Ọ̀gá san ti ọjọ́ kìíní, ó fi ọsàn rán ọmọ rẹ̀,
ó ní iṣẹ́ ojúmọ́ kò ní ìwé.
Òótọ́ ni. Kò ní.
Igi ló ní ìwé.
Wọ́n ti la mọ́kànlélógójì kó tó di Ọjọ́bọ̀,
rísíìtì rẹ̀ wà nílẹ̀, kò dín pákó kan.
Á ti di férémù ilẹ̀kùn níbì kan;
ẹnìkan á máa ti ilẹ̀kùn ọ̀hún lóru, á sùn fọnfọn.

Èmi kì í sùn fọnfọn.
Bí ọmọ alágáàsì bá ń yí sílíńdà bọ̀ ní òpópó wa ní Ìwáyà,
egungun ojúgun mi ló kọ́kọ́ ń gbọ́.

Ó padà wá. Mi ò retí ẹ̀.
Ó jókòó sábẹ́ páànù, ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀,
àdá kékeré lọ́wọ́, ó ń gbẹ́ àjákù pákó ní ìdènà.
Kò tà á. Ọmọ tuntun tó bá dé, ó fún un ní ọ̀kan:
"Gbà. Má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀."
Kò bi mí rí ta ló pè mí.
Ó gbẹ́ tèmi náà. Ó nípọn ju ti gbogbo wọn lọ.
Ó nà án sí mi, ojú rẹ̀ wà lórí omi,
níbi tí ọ̀wọ́ gẹdú mìíràn ti ń bọ̀
díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń yí lójú oorun.